Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Iye Ọmọ Ru Abiyamọ

Bí nǹkan bá ti le koko ní Nàìjíríà, tí oúnjẹ gbówó lórí, tí iṣẹ́ kò sí, kì í pẹ́ tí aláṣẹ kan yóò fi jáde wá sọ pé ọmọ táwọn obìnrin ń bí ló pọ̀ jù. "Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ" ni wọ́n máa ń fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Kò sí irọ́ nínú pé èrò ń pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo bí iye ọmọ ṣe wálẹ̀ káàkiri àgbáyé láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn yóò rí i pé ìbáwí kọ́ ló mú un wálẹ̀, agbára òfin náà kò sì tó bí àwọn kan ṣe rò. Níbi tí ọmọdé kò bá ti kú bíi tàtijọ́ mọ́, tí ọmọbìnrin sì ń pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ìyá fúnra wọn ló ń dín in kù.

Bangladesh ni Nàìjíríà ìbá máa wò. Ogun àti ìyàn ba á jẹ́ gidigidi ní ìbẹ̀rẹ̀ òmìnira rẹ̀ láti 1971, obìnrin ibẹ̀ sì ń bí tó ọmọ méje nígbà náà. Lónìí, ọmọ méjì ó lé díẹ̀ ni. Wọn kò dúró di olówó kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń kó oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí bá àwọn ìyá nílé. Láti 1980, BRAC, àjọ ibẹ̀ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, rán àwọn olùkọ́ sí abúlé láti kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti wọ ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Àìsàn tó ti ń kó ọmọ lọ bẹẹrẹ wá di ohun tí ìyá lè fi ohun inú ilé ìdáná rẹ̀ gbógun tì. Ní 1994, ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìrànwọ́ fún ọmọbìnrin abúlé tó bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, lórí àdéhùn pé wọn kò ní í fi í fọ́kọ kó tó jáde.

Àwọn tó fẹ́ kí ìjọba ṣòfin máa ń tọ́ka sí Ṣáínà. Láàárín 1970 sí 1979, kí òfin ọmọ kan ṣoṣo tó dé, iye ọmọ ti wálẹ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bíi mẹ́fà sí mẹ́ta ó dín díẹ̀. Lóòótọ́, ìpolongo ìjọba wà nínú ìyẹn náà, ipá sì wọ̀ ọ́ láwọn ibì kan. Àmọ́ Brazil kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ rí, obìnrin ibẹ̀ tó ń bí nǹkan bí ọmọ mẹ́fà ní 1960 kò sì bí tó méjì mọ́. Ṣáínà ti fagi lé òfin tirẹ̀, ó ti gba ọmọ mẹ́ta láàyè láti 2021, síbẹ̀ èrò ibẹ̀ ń dín kù láti 2022. Ní Gúúsù Kòríà, tí ìjọba ń náwó yanturu kí àwọn èèyàn lè bímọ, 0.72 ni ìpíndọ́gba ọmọ tó kan obìnrin kan ní 2023. Àṣẹ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí yàrá tọkọtaya.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí tó tó. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1988 ní kí obìnrin kan má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ìwádìí ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 1990 bá ọmọ mẹ́fà, ti 2018 bá 5.3, ti 2023 sí 2024 bá 4.8. Ṣùgbọ́n ní 2018 yẹn kan náà, 3.4 ni ti Èkó, 7.3 ni ti Katsina. Ètò kan náà ló wà lórí ìpínlẹ̀ méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí láàyè, nǹkan bí 62 ló ń kú nígbà náà kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún ní Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn tí Èkó wà, tí ti Àríwá Ìwọ̀ Oòrùn tí Katsina wà sì jẹ́ nǹkan bí 187. Ìyá tó mọ̀ pé òun lè sin méjì nínú mẹ́wàá kò ní í fọkàn balẹ̀ bí ìwọ̀nba ọmọ.

Àwọn Yorùbá mọ ìrora yìí dunjú. Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó, Dúrósinmí: ẹ̀bẹ̀ òbí tí ikú ti ń dá lóró ni àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹ̀kọ́ wà lára ohun tó dín in kù. Ní 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin sì wọlé bí ọmọkùnrin. John Caldwell, onímọ̀ ará Ọsirélíà tó ṣèwádìí nílùú Ìbàdàn, kọ ọ́ ní 1979 pé ẹ̀kọ́ ìyá ń gba ọmọ lọ́wọ́ ikú ju iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn lè ṣẹlẹ̀ ní Katsina.

Kò ní í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìdajì ọmọ Nàìjíríà ni kò tíì pé ogún ọdún. Bí ọmọ bíbí bá tilẹ̀ dín kù gidi láti òní, àwọn wọ̀nyí ṣì ń bọ̀ wá di òbí, èrò yóò sì máa pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí ìdádúró fi léwu. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, olùkọ́ obìnrin ní abúlé, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí kì í tán ní ilé ìlera: owó ìjọba ló ń ra gbogbo wọn. Ní Àbújá ní 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé àwọn yóò máa ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná sọ́tọ̀ fún ìlera. Nàìjíríà tó gbàlejò ìpàdé náà kò tíì dé ibẹ̀ rí.