Ẹ Ka Ọjọ́ Tí A Lò Ní Àtìmọ́lé

Ẹ̀yin ará kíláàsì wa ní Agbonou,

Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn, kì í ṣe ọjọ́ náà ni adájọ́ ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó lè wà ní àtìmọ́lé fún oṣù púpọ̀. Oko rẹ̀ di igbó. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Atakpamé. Nígbà tí adájọ́ bá wá ní kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, oṣù tó ti lò ńkọ́?

Èrò tèmi ni pé kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ni kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tì lẹ́yìn rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 ní kí adájọ́ ka àkókò náà mọ́ ẹ̀wọ̀n.

California jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Òfin ibẹ̀ náà ní kí wọ́n ka ọjọ́ wọ̀nyí. Síbẹ̀, láti ọdún 1978 ni kóòtù ibẹ̀ ti gbà pé adájọ́ lè bá ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe àdéhùn. Kò ní rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ńlá. Yóò lo oṣù díẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n kékeré, lẹ́yìn náà yóò máa gbé ilé rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba yóò sì máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ gbà pé òun yọ̀ǹda ọjọ́ tí òun ti lò.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ọkùnrin kan ti lo oṣù 8. Wọ́n ní kí ó lo oṣù 12. Bí wọ́n bá ka 8, ó ku 4. Bí ó bá yọ̀ǹda 8, yóò lo 12 tuntun. Gbogbo rẹ̀ di oṣù 20. Bí ó bá tún rú àdéhùn, tí wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ńlá, oṣù 8 yẹn kò ní padà wá. Kóòtù tó ga jùlọ ní California ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2004, bí ẹni náà bá ti mọ ohun tó gbà.

Àwọn kan ní àánú ni, pé láìsí àdéhùn yìí adájọ́ ìbá rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. N kò lè bú ẹni tó gbà á; ẹni tí odò ń gbé lọ kì í ṣa igi dì mú. Ohun tó ń dùn mí ni “bí ó bá mọ ohun tó gbà.” Ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Ṣé ẹni tí kò lè kàwé, tí wọ́n ní kó tẹ̀ka síbí kó máa lọ sílé? Àwa náà ti tẹ̀ka sí ìwé gbèsè àti ìwé ilẹ̀ rí, kí a tó dé kíláàsì yìí.

Bí wọ́n bá mú ará ilé yín, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n mú un sílẹ̀: ọjọ́, oṣù, ọdún. Ẹ fi ìwé náà pamọ́. Ní ọjọ́ ìdájọ́, ẹ gbé e fún agbẹjọ́rò. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé kóòtù wa. Kí ará ilé yín má fọwọ́ sí èyíkéyìí, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó gbọ́.