Kí Ẹ Tó Gbé Iṣẹ́ Wẹ́bùsáìtì Fún Ọmọ Náà, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó, ṣùgbọ́n ó ti dé Tápà níhìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣí ilé iṣẹ́ ìmọ̀ràn kékeré, tí ẹ ń bá àwọn àgbẹ̀ kọ ìwé ẹ̀yáwó, tàbí tí ẹ ń bá àwọn oníṣòwò forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan yóò sọ fún yín pé ẹ nílò wẹ́bùsáìtì. Òótọ́ ló sọ. Ìbéèrè tèmi ni pé: àdéhùn wo lẹ fẹ́ bá ẹni tí yóò ṣe é ṣe?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí láti bá wọn parí ìjà kan. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gbìn ló dá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá gbé iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Ẹnu ni wọ́n fi dá owó iṣẹ́: ₦150,000. Bàbá san ₦60,000, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó yá, Bàbá ní kó fi àwòrán oko kún un. Ó fi í kún un. Wọ́n ní kó ṣe ibi tí àgbẹ̀ ti lè fi ìbéèrè ránṣẹ́. Ó ṣe é. Wọ́n tún ní kó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n san owó tó kù ná. Èsì tí Bàbá fún un ni pé, "Ṣé iṣẹ́ tí o jókòó ṣe lórí àga yìí náà lo ń pariwo owó lé lórí?"

Ọmọ náà kò bá wọn jà. Ó kàn ti wẹ́bùsáìtì náà pa ni. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi ra àdírẹ́sì rẹ̀, abẹ́ àdírẹ́sì yẹn sì ni gbogbo íméèlì ilé iṣẹ́ wà. Àwọn kan tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún Bàbá kọ̀wé títí, wọn kò rí èsì, ni wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíràn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀. Mo ní kí wọ́n mú ìwé àdéhùn wá. Bàbá wo ọmọ, ọmọ wo Bàbá. Kò sí ìwé kankan.

Ta ló jẹ̀bi? Àwọn méjèèjì ni. Bàbá fẹ́ jẹ òógùn ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ orí àga ń jẹ dátà, ó ń jẹ epo jẹnẹrétọ̀, ó sì ń jẹ oorun òru. Bíríkìlà tó mọ yàrá méjì, a kì í ní kó mọ ẹ̀kẹta sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Àpọ́sítélì Jákọ́bù kìlọ̀ fún àwọn tó ń da owó alágbàṣe dúró, kò yọ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ọmọ náà sì jẹ̀bi, nítorí orúkọ ilé iṣẹ́ oníṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń gbà ṣe ìdógò.

Ẹ má sì rò pé owó tí ẹ san ti tó. Òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, Copyright Act ti ọdún 2022, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ ohun tó ń dáàbò bò. Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ yín, tí ẹ kàn gbé iṣẹ́ fún un, òun ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, àfi bí ẹ bá fi ìwé ṣe àdéhùn mìíràn.

Àdírẹ́sì pàápàá kì í ṣe ohun tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan kí a gbàgbé. Owó rẹ̀ ní àkókò tó ń tán, a sì gbọ́dọ̀ tún un san. Èyí tó bá parí sí .ng, NiRA ló ń bójú tó o, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà nínú àkọsílẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 1999, Microsoft pàápàá gbàgbé láti san owó àdírẹ́sì kan tí í ṣe passport.com, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì rí ọ̀nà wọ íméèlì Hotmail wọn. Àjèjì kan ló fi $35 tirẹ̀ san án. Bí irú ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá gbàgbé, ta ni yóò rán ilé iṣẹ́ oníyàrá kan létí?

Nítorí náà, kí ẹ tó yan ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó fi wẹ́bùsáìtì mẹ́ta tó ti ṣe hàn yín, kí ẹ sì pe àwọn tó ni wọ́n. Ẹ ṣí wọn lórí fóònù kékeré níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára, nítorí fóònù ló wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ẹ ń wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀. Èkíní, orúkọ ilé iṣẹ́ yín ni kí wọ́n fi gba àdírẹ́sì náà, kí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Èkejì, ojú ewé mélòó ni wẹ́bùsáìtì náà yóò ní, kí ni yóò wà níbẹ̀, ta ni yóò sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta, ìgbà tí ẹ óò san owó: apá kan níbẹ̀rẹ̀, apá kan láàárín, ìyókù lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kì í ṣe lọ́jọ́ tó bá wù yín. Ẹ̀kẹrin, ta ló ni iṣẹ́ náà bí owó bá pé, ta ni yóò máa tún un ṣe, àti iye tí yóò máa gbà.

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, a kò lówó lọ́yà." Ojú ìwé kan ti tó, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ẹlòmíràn á ní, "Ọmọ wa ni, bí a bá ní kó buwọ́ lùwé, yóò dà bíi pé a kò fọkàn tán an." Ẹ jọ̀ọ́, àwọn bàbá wa ní Ìbàràpá tí wọ́n gbin pẹ̀rẹ́gún sí ààlà oko, ṣé wọ́n ka aládùúgbò wọn sí olè ni? Wọ́n gbìn ín kí àwọn ọmọ wọn má bàa jà ni.

Ní ti ìjà tí mo sọ, Bàbá san ₦90,000 tó kù, ọmọ náà sì gbé àdírẹ́sì sí orúkọ ilé iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó kọ ìwé. Iṣẹ́ tó ti bọ́ kò padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ gbin pẹ̀rẹ́gún tiyín kí ẹ tó kọ ebè àkọ́kọ́.