Kambolé Kò Jìnnà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìn-àjò Àwa Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀dá-Èdè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Òwe yìí bá àwa tí à ń kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè Yorùbá mu. Bí olùkọ́ bá ní kí a dárúkọ àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, a ó ka Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀wọ̀. Bí a bá gbìyànjú gan-an, a ó fi Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kún un. Lẹ́yìn èyí, a ó dákẹ́, bí ẹni pé ẹnu ibodè ni èdè náà kú sí.

Èrò mi kò ju ọ̀kan lọ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè Yorùbá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Kambolé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, kí ó tó gboyè, kódà bó jẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Mo sì fẹ́ sọ bí ó ṣe yẹ kí a lọ, nítorí pé ìwà tí a bá gbé dání lè ba ìrìn-àjò náà jẹ́.

Kambolé wà ní agbègbè Tchamba, ní àárín gbùngbùn Tógò, nítòsí ààlà Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá gba Lomé lọ yóò tọ ọ̀nà títì ńlá tó lọ sí òkè. Yóò kọjá ní Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana ń gbé, kí ó tó dé Sokodé, tó fi bí 340 kìlómítà jìn sí Lomé. Láti Sokodé ni yóò ti yà sí ìlà-oòrùn lọ sí Tchamba, kí ó tó kọjá sí Kambolé.

Ẹ jẹ́ kí a fi etí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè gbọ́ ọ̀nà yẹn. Èdè Tem, tí àwọn ará ìta ń pè ní Kotokoli, ni ti Sokodé, òun náà sì ni èdè ọjà káàkiri agbègbè náà. Ọ̀kan nínú àwọn èdè Gur ni, nínú ìdílé Gurunsi. Ní Tchamba, èdè Akaselem ni wọ́n ń sọ. Èdè Gur ni òun náà, ṣùgbọ́n ìdílé Gurma ló wà. Bí a bá wá dé Kambolé, a bọ́ sínú èdè tó jẹ́ ìbátan Yorùbá. Ìdílé èdè mẹ́ta nínú ìrìn-àjò ọjọ́ kan! Àwọn èdè tó ń pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, tí a máa ń há sórí nítorí ìdánwò, ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ta ẹ̀wà àti ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé yín.

Kí ló wá dé tí a kì í ka Kambolé mọ́ ara wa? Ìdáhùn kan ni ààlà. Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà tó ya Dàhómì kúrò lára ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Ní 1897 ni Faransé àti Jámánì fẹnu kò lórí èyí tó ya Dàhómì kúrò lára Tógò. Kò sí ẹni tó bi àwọn tó ń sọ èdè náà léèrè. Títí di òní, Kambolé wà ní Tógò, Manigri tí èdè rẹ̀ bá ti Kambolé mu jù lọ sì wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ìdáhùn kejì wà nínú ìwé wa. Iṣẹ́ Adétúgbọ̀ ní 1967, tí gbogbo wa ń tọ́ka sí bí a bá ń pín ẹ̀ka-èdè, sọ ọ́ gbangba nínú àkọlé rẹ̀ pé Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni òun ń sọ̀rọ̀ bá. Adétúgbọ̀ kò jẹ̀bi, ó sọ ibi tí òun dúró sí. Àwa tí a sọ ibi tí ó dúró sí di òpin ayé la jẹ̀bi.

Lónìí, nínú àtòjọ èdè àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 639-3, tó jáde ní 2007, ‘yor’ ni àmì Yorùbá. Manigri àti Kambolé ní àmì tiwọn lọ́tọ̀, ‘xkb’. Àwọn Ifẹ̀ Atakpamé náà ní tiwọn, ‘ife’. Ṣé èdè ni, àbí ẹ̀ka-èdè? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Òun ló ń sọ bóyá ìwé tí a kọ ní Ìbàdàn tó fún ọmọ Kambolé láti kà, tàbí ó yẹ kí wọ́n kọ ìwé tirẹ̀ fún un. Àkọtọ́ pàápàá kò dọ́gba, nítorí pé ẹ àti ọ tí àwa ń fi àmì sí nísàlẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ nínú àwọn èdè abínibí ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀.

Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin kan lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àgbọ́yé kì í ṣe ohun tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá kọjú sí wa, tí wọ́n rọra sọ̀rọ̀, a máa ń gbọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọjú sí ara wọn, ọ̀rọ̀ a máa sá mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó ti ṣòwò dé Nàìjíríà rí nínú wọn ń gbọ́ tiwa dáadáa, ṣùgbọ́n kíkọ́ ló kọ́ ọ, kì í ṣe pé ó bí i mọ́ ọn. Àkójọ 100 ọ̀rọ̀ tí Swadesh fi lélẹ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn wá. Bí orí, ojú àti omi bá tilẹ̀ jọra, kò túmọ̀ sí pé ìtàn yóò yé ni. Ọjọ́ méjì péré la fi rí èyí, ó sì yé wa ju bí a ṣe kà á nínú ìwé lọ.

Ìwà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wá ńkọ́? Ìyá àgbà kan ń dárúkọ ohun èlò ilé ìdáná fún wa. Bó bá ti dárúkọ ọ̀kan, ọ̀rẹ́ wa kan a ní, “Màmá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè é.” Ìyá fara dà á títí, ó wá béèrè bóyá a wá kẹ́kọ̀ọ́ ni àbí a wá kọ́ òun. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni ìyá sọ. Àwọn kan láàárín wa ń sọ pé Yorùbá tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún. Ta ló bà á jẹ́? Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń wọn tiwọn, ìpàdé àti ìwé ló gbé e dúró: iṣẹ́ Crowther, ìpàdé àkọtọ́ ti Èkó ní 1875, àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Kò sí ará Kambolé ní ìpàdé wọ̀nyí, kò sì jẹ wọ́n ní gbèsè kankan. Ẹni tó ń pe ẹ̀ka-èdè ẹlòmíràn ní èyí tó bàjẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè, ibi yòówù kó ti gba máàkì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ọjọ́ mẹ́rin kò tó ṣe ìwádìí, pé ìgbafẹ́ lásán ni. Òótọ́ ni pé kò tó kọ àpilẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ó tó láti yí ìbéèrè tí a máa fi kọ àpilẹ̀kọ padà, iṣẹ́ kékeré sì kọ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní owó dà? Ẹ ṣírò iye tí a ń ná sórí aṣọ àjọrà àti àsè ìparí ọdún, ẹ fi wé owó ọkọ̀. Ní ti ìwé ìrìnnà, àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa láàyè láti wọ Tógò láìgba físà, kí a sì lò tó 90 ọjọ́, bí ìwé wa bá pé.

Bí a ó bá lọ, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́ta. Èkínní, kí a kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú, kí a sọ ohun tí a wá ṣe, kí a sì gbàṣẹ kí a tó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Èkejì, kí a bi wọ́n léèrè orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pe èdè wọn, kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, dípò kí a máa bá wọn jiyàn pé Yorùbá ni wọ́n tàbí wọn kì í ṣe é. Ẹ̀kẹta, kí a dá ẹ̀dà ohùn tí a gbà padà fún wọn. Ohùn bàbá ẹni kò yẹ kó parí sínú fóònù akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gboyè lọ.

Mo ń fi àbá yìí síwájú ẹgbẹ́ wa: kí a yọ ọjọ́ mẹ́rin nínú ìsinmi sáà tó ń bọ̀ fún Sokodé, Tchamba àti Kambolé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní èrò tó yàtọ̀, kí ó kọ ọ́ sójú ewé yìí, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.