Ajá Yẹn Kò Ya Wèrè, Iṣẹ́ Ni Kò Rí Ṣe

Bí ẹ bá ti gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́ níta ọgbà yunifásítì rí, ẹ mọ ajá tí à ń sọ. Bingo lorúkọ rẹ̀, nítorí Bingo lorúkọ gbogbo wọn. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì látàárọ̀ dalẹ́. Ṣéènì ọrùn rẹ̀ kò gùn tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ilẹ̀ tó ń yí po sì ti pá bí orí àgbà. Bí ọlọ́kadà bá kọjá, á gbó. Bí ewé bá já, á gbó. Bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀, á gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí à ń múra ìdánwò á yọjú lójú fèrèsé, a ó ní: "Ta ló máa bá wa lu ajá wèrè yìí pa?"

Ti ilé tiwa ti lọ báyìí. Lóṣù tó kọjá, ó bu ọmọ ayálégbé kan jẹ lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà gba abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì ti yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá lánlọ́ọ̀dù ní ajá náà ti di dìgbòlugi, wọ́n sì fà á lé oníṣòwò ẹran ajá lọ́wọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Bó bá jẹ́ dìgbòlugi lóòótọ́, ta ni wọ́n fẹ́ kó jẹ ẹran rẹ̀? Ohun tó yẹ ni kí wọ́n sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí dókítà ẹranko máa wò ó. Àti pé ajá tí àrùn dìgbòlugi bá ti hàn lára rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un láyé. Bingo ti ń ṣe bó ṣe ń ṣe yẹn fún ọdún méjì gbáko.

Ohun tí àwa ń sọ ni pé ajá náà kò ya wèrè. Iṣẹ́ ni kò rí ṣe. Wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n ń fún un lómi, wọ́n sì rò pé ó parí. Kò parí. Ajá ní ọpọlọ, ọpọlọ tí kò bá sì rí nǹkan ṣe á wá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí. Ní ọdún 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ nínú wa wà nílé. Oúnjẹ wà, ibùsùn wà, òrùlé kò jò. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe rí nígbà tó di oṣù kẹrin? À ń sùn lọ́sàn-án, à ń bá àbúrò jà lórí rìmóòtù, inú ń bí wa sí ẹni tí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó pè wá ní dìgbòlugi. Àwa sì lè rìn dé òpin àdúgbò.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó gbọ́ ti Chaser, abo ajá kan ní South Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. John Pilley, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì, fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ, ajá náà sì mọ orúkọ ohun ìṣeré tó lé ní 1,000. Ọdún 2011 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Ní 2019, Charlotte Duranton àti Alexandra Horowitz tẹ òmíràn jáde nípa àwọn ajá tí wọ́n ń fi imú wá oúnjẹ tí a fi pa mọ́, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n bá gbé abọ́ tí ó lè ní oúnjẹ, tí ó sì lè ṣófo, síwájú wọn, wọ́n máa ń yára lọ wò ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrètí wọn pọ̀ sí i. Òórùn géètì kan ṣoṣo ni imú Bingo fi ọdún méjì gbọ́.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àṣà òyìnbó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọdẹ. Ajá ọdẹ ń tọ ipasẹ̀ ọ̀yà, ó ń lé e jáde nínú igbó, ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ń kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣé a ti ronú sí i rí? Kí òwe yẹn tó lè nítumọ̀, ajá ti gbọ́dọ̀ máa gbọ́ fèrè, kó sì mọ ohun tí fèrè ń wí. Ajá tó ń ṣiṣẹ́ ni àwọn tó pa òwe náà mọ̀. Ajá ẹnu géètì, tí kò ní igbó, tí kò ní fèrè, ni àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ tún máa ní, "Ènìyàn kò tíì jẹun yó, ẹ ń sọ̀rọ̀ ọpọlọ ajá." Òótọ́ ni pé ìlú le. Ṣùgbọ́n a kò ní kẹ́ ẹ ná kọ́bọ̀. Oúnjẹ tí ẹ fẹ́ dà sínú abọ́ rẹ̀ náà ni. Ẹ fọ́n ọn sínú koríko kó máa fi imú ṣà á jẹ. Ẹ wé ẹja gbígbẹ díẹ̀ sínú àkísà, kó tú u fúnra rẹ̀. Ẹ da abọ́ mẹ́ta dojú bolẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹran sábẹ́ ọ̀kan. Ẹ kọ́ ọ ní "jókòó" àti "dúró" fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ mú un jáde ní ìdájí, kó gbóòórùn ohun tó bá wù ú. Ẹ má fà á. Ṣùgbọ́n ẹ má ju ṣùkù àgbàdo sí i, ó lè dí ìfun rẹ̀. Egungun adìyẹ tí a ti sè náà lè fọ́ kó gún un nínú.

Ti àwọn onílé ni pé ajá tó bá mọ eré kò ní lè ṣọ́lé mọ́. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ foríjì wá: ta ló ń dìde nígbà tí Bingo bá gbó? Ajá tó ń gbó ewé, tó ń gbó adìyẹ, tó ń gbó afẹ́fẹ́, bí olè dé tó sì gbó, a ó kàn yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì ni.

Ẹ̀bi náà kan àwa náà. Ọdún méjì la fi ń kọjá lára ajá yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́, òkúta làwọn kan nínú wa ń jù lù ú. Kò sẹ́ni tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún bá a ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ní géètì tiyín, tí ẹ sì ń ra Alsatian, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí ẹ kò bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún lóòjọ́, ẹ ra àgádágodo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá lánlọ́ọ̀dù gbé ọmọ ajá mìíràn dé. Ìdí géètì kan náà, ṣéènì kan náà. Bingo lorúkọ rẹ̀. A ti lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí wọ́n sì gbà wá láyè láti máa tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní àwọn ń rò ó. Kí wọ́n tó rò ó tán, a ti pín ọjọ́ láàárín ara wa. Ẹni tó bá kàn á lọ fọ́n oúnjẹ rẹ̀ fún un. Koríko kò sí níbi tí ṣéènì rẹ̀ dé, inú páálí tó kún fún bébà la ń fọ́n ọn sí.

Ajá ilé tiyín ńkọ́?