Èédú Inú Ilẹ̀ Náà Ní Ìtàn Lẹ́nu



Bí a bá bi àgbàlagbà kan léèrè ní Odò-Ọwá, ní Ìjerò tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè pé, "Baba, nígbà wo ni a tẹ ìlú yìí dó?", orúkọ àwọn ọba ni yóò máa kà fún wa láti orí ẹni àkọ́kọ́. Ìtàn náà níyì. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó sọ iye ọdún tí ọba kọ̀ọ̀kan lò. Òǹkọ̀wé kan a fún ọba kọ̀ọ̀kan ní ọdún 10, òmíràn a fún un ní 30. Bí ọba bá pé ogún, ọ̀kan á ka ọdún 200, èkejì á ka 600! Èrò mi ni pé ó yẹ kí a pe ẹlẹ́rìí mìíràn: èédú inú ilẹ̀.

Gbogbo igi tó wà láàyè ló ń gba káábọ̀nù-14 sára láti inú afẹ́fẹ́. Bí igi bá ti kú, kò gba òmíràn mọ́. Èyí tó wà lára rẹ̀ á máa dínkù títí yóò fi ku ìdajì lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5,730. Willard Libby, ará Amẹ́ríkà, ló ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí. Ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1960.

Ẹ wo ohun tí ọgbọ́n yìí ṣe fún Ilé-Ifẹ̀. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí àwọn ère orí Ifẹ̀, ó sì so wọ́n mọ́ Atlantis, erékùṣù inú ìtàn àwọn Gíríìkì, bí ẹni pé ọwọ́ àwọn baba ńlá wa kò lè mọ wọ́n. Nígbà tí Frank Willett walẹ̀ ní Ìta Yemòó láti 1957, èédú ibẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọ̀rúndún 10 sí 12 lẹ́yìn ìbí Krístì. Ayé Gíríìkì àtijọ́ ti kọjá lọ tipẹ́ nígbà náà. Ní 2017 ẹ̀wẹ̀, Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn láti Igbó Olókun pé àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe gíláàsì tiwọn láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15.

Àwọn Gíríìkì pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí yìí. Ní 2020, àwọn onímọ̀ fi egungun ẹran láti Sindos, ní àríwá Gíríìsì, yẹ ọjọ́ orí àwọn ìkòkò àtijọ́ wò. Wọ́n ní ó jọ pé wọ́n pẹ́ ju bí ìwé ti ń kà á lọ.

Àmọ́ o, èédú kò mọ orúkọ ọba. Ìgbà tí igi náà wà láàyè ló ń sọ, kì í sì í dárúkọ ọdún kan ṣoṣo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í jà sí ipò àgbà láàárín àwọn ọba.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni katapílà. Bí ó bá ti da ilẹ̀ ahoro ìlú kan rú, tí ilẹ̀ òkè bá ti dàpọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, èédú tó wà níbẹ̀ kò lè jẹ́rìí tó ṣe é gbára lé mọ́. Nítorí náà, kí a tó ro ibi tí àwọn baba wa kọ́kọ́ gbé, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Ẹ̀ka wọn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi ahoro náà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹnu àgbà kan ọ̀nà, èédú kan ọ̀nà.