Ẹ Má Tíì Fọ́máàtì Hard Disk Yẹn

Kọ̀ǹpútà kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lórí pátákó kan ṣoṣo. Raspberry Pi ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2012 ni èyí àkọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ iléèwé lè rí kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú fi kọ́ iṣẹ́. Ẹ gbé ètò Kolibri lé e lórí, ẹ ki hard disk tí ẹ̀kọ́ kún inú rẹ̀ bọ ihò USB rẹ̀, odindi kíláàsì á máa kàwé lórí fóònù láìra dátà. Iléèwé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège fún, ìbáà wà láàrin àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n, ìbáà wà ní Ìjerò tàbí ìgbèríko Arámọkọ, irú ẹ̀rọ yìí bá a mu gan-an.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe update tán, tí ẹ̀rọ náà wá ní òun ò mọ hard disk ọ̀hún rí. Ẹnì kan nítòsí á ti máa sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀." Ẹ má gbà fún un.

Update máa ń jẹ̀bi nígbà mìíràn lóòótọ́. Bó bá pààrọ̀ kernel, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, àwọn fáìlì tí kernel àtijọ́ fi ń dá nǹkan USB mọ̀ lè ti kúrò nílẹ̀ nígbà tí òun alára ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ náà bó ti yẹ, ẹ tún un tàn, ó tán.

Bó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ tún un tàn gan-an ni hard disk pòórá, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Hard disk tó ń yí máa ń fa iná jù nígbà tó bá ń gbéra. Ó lè ti ń yí bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìsinmi. Update ló mú kí ẹ pa á kí ẹ tún un tàn, ibẹ̀ ni àṣírí ṣájà tí kò lágbára ti tú. Pi 4 ń fẹ́ volt 5 pẹ̀lú amp 3. Pi 5 ń fẹ́ volt 5 pẹ̀lú amp 5. Bí Pi 5 bá rí i pé amp 3 ni ṣájà yín lè gbé, 600 milliamp péré ló máa pín fún gbogbo ihò USB rẹ̀ pọ̀, dípò 1,600. Ẹ má jẹ́ kí 65W tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ṣájà fóònù tàn yín: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lè kọjá amp 3 ní volt 5. Bẹ́ẹ̀ náà ni power bank tí ẹ ń sá lọ bá nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ.

Ẹ bi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹ ṣí terminal, ibi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ tẹ vcgencmd get_throttled. Bó bá dáhùn 0x0, kò tíì rí i kí iná tó ń wọ̀ ọ́ lọ sílẹ̀. Bó bá ní 0x50005, iná kò tó lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. 0x50000 ń sọ pé kò tó nígbà kan lẹ́yìn tí ẹ tàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ lsusb, tó ń to ohun tó wà lẹ́nu ihò USB, kí ẹ tẹ lsblk, tó ń to àwọn dísíìkì tí ẹ̀rọ rí. Bí orúkọ hard disk bá yọ nínú àkọ́kọ́ tí kò yọ nínú èkejì, ó lè jẹ́ wáyà tó so SATA mọ́ USB ni kò bá UAS rẹ́, ìyẹn ètò tí ẹ̀rọ fi ń bá hard disk sọ̀rọ̀ gba ihò USB. Àṣẹ dmesg, tó ń fi ohun tí kernel kọ sílẹ̀ hàn, á ṣàlàyé. Bó bá yọ nínú méjèèjì, nǹkan inú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ digbí, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kàn kò ṣí i ni. Irú èyí gan-an ni wọ́n ń fọ́máàtì, tí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta á sì ṣègbé láàárín ìṣẹ́jú kan!

Kí ẹ tó tún ṣe update mìíràn, ẹ da gbogbo ohun tó wà lórí káàdì mẹ́mórì tí Pi fi ń ṣiṣẹ́ kọ sórí òmíràn. Ẹ má ṣe é lọ́sẹ̀ ìdánwò, ẹ má sì ṣe é nígbà tí iná bá ń ṣẹ́jú, nítorí bí iná bá lọ láàárín méjì, káàdì náà lè bàjẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ tẹ rpi-update, ẹ bi í pé kí ló dé: kernel tí wọ́n ṣì ń dán wò ni àṣẹ yẹn ń gbé wọlé. Kí ẹ sì kọ "ti Pi" sára ṣájà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà mú un lọ fi ṣájì fóònù.