Ẹ Kú Oríire Ọjọ́ Kẹtàlá Oṣù Keje

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje tún ti yí po. Ó yẹ kí ìlù máa dún láti Èkó dé Ọ̀yọ́, láti Àkúrẹ́ dé Kétu, nítorí ọjọ́ yìí ni wọ́n bí Akínwándé Olúwọlé Babátúndé Ṣóyínká l'Abẹ́òkúta ní 1934. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ọ̀hún bọ́ sí. Àwọn Òyìnbó kan a máa sá fún Jímọ̀ tó bá ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ kẹtàlá oṣù, wọ́n ní orí burúkú ló ń bá a rìn. Ẹ wá wo ohun tí Jímọ̀ ẹlẹ́tàlá gbé wá bá wa ní Aké, àdúgbò kan l'Abẹ́òkúta náà!

Bí mo bá wo ọjọ́ yìí nínú ìtàn ayé, ọjọ́ àwọn tó kọ̀ láti dákẹ́ ni mo máa ń pè é. Àwọn kan wáyé lọ́jọ́ náà, àwọn kan jáde láyé, àwọn kan sì bọ́ sójú agbo níṣojú gbogbo ayé. Gbogbo wọn ni mo fẹ́ kí lónìí, ṣùgbọ́n ọmọ Aké ni n ó kọ́kọ́ kí.

Inú ọgbà St. Peter's ní Aké ló ti lajú. Bàbá rẹ̀, Samuel Ayọ̀délé Ṣóyínká, ọmọ Ìsarà-Rẹ́mọ, ni ọ̀gá ilé-ìwé níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, Grace Ẹniọlá, ń tajà. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, èyí tó pe orúkọ rẹ̀ ní Aké, tó jáde ní 1981, ó sọ fún wa pé òun kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí òun fi kó ìwé bàbá òun mọ́ra, tí òun tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n òun lọ sí ilé-ìwé, tí kò sì sẹ́ni tó rí òun lé padà. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn ọlọ́pàá tó ń fọn fèrè tó ń lùlù kọjá níwájú ọgbà, ni ọmọdé bá tọ ìlù lẹ́yìn, ó rìn títí ó fi bá ara rẹ̀ n'Íbarà, àdúgbò mìíràn l'Abẹ́òkúta! Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti kà á yóò mọ irú ẹni tí à ń bá ṣe ọjọ́ ìbí.

Láàrin ilé yẹn kan náà ló ti rí ogun àwọn ìyá. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì láti kọ owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, ìyá Wọlé wà láàrin wọn, Wọlé fúnra rẹ̀ sì ń sáré jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Àwọn obìnrin náà kò sinmi títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé Yunifásítì Leeds ni Ṣóyínká ti gbọ́n. Lójú tèmi, kí ó tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti mọ bí a ṣe ń wo ojú aláṣẹ láì ṣẹ́jú, àwọn ìyá ọlọ́jà ló sì kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ náà kò sì ṣòfò. Ní 1965, lẹ́yìn ìdìbò Ìwọ̀-oòrùn tí àwọn èèyàn sọ pé wọ́n yí, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé òun ló fi ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn, tó fi téèpù tirẹ̀ rọ́pò ti olórí ìjọba. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ dá a sílẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba ológun tì í mọ́lé láti 1967 sí 1969, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló lò ní òun nìkan nínú yàrá ẹ̀wọ̀n. Síbẹ̀ ó ń kọ̀wé sórí ohunkóhun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní 1994, nígbà ìjọba ológun Abacha, ẹni ọgọ́ta ọdún gun alùpùpù gba inú igbó kọjá sí ilẹ̀ Benin! Àwọn awakọ̀ wa pàápàá jẹ ẹ́ ní gbèsè ìkíni, nítorí òun ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988.

Nípa ti Ẹ̀bùn Nobel ti 1986, gbogbo ayé ló mọ̀ pé òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á fún lítíréṣọ̀, n kò ní fi ìyẹn pẹ́ nílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá rántí lónìí ni iṣẹ́ tó ṣe ní 1968, nígbà tó gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2010 ó tún fi Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e. Ẹni tí ayé ti gbé gẹ̀gẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àgbà tó ṣáájú rẹ̀ pọ̀n lọ sójú ọjà. Ọmọlúwàbí nìyẹn! Ní 2024 tí Bàbá pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn tíátà orílẹ̀-èdè tó wà ní Ìgànmú l'Ékòó. Ó tọ́ sí i, ó tún yẹ ẹ́.

Ọmọ Yorùbá mìíràn tún wà tí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje gbé sókè. Ní 1985, lọ́jọ́ tí Ṣóyínká pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, Bob Geldof àti Midge Ure kó àwọn olórin jọ sí pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn yòókù sì pé jọ sí Philadelphia ní Amẹ́ríkà, láti kó owó jọ fún àwọn tí ìyàn ń pa ní Etiópíà. Tẹlifíṣọ̀n gbé e káàkiri ayé. Ta ló jáde sórí pèpéle Wembley lọ́jọ́ náà? Fọláṣadé Adú, tí ayé ń pè ní Sade, ọmọ tí wọ́n bí n'Íbàdàn ní 1959, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkìtì! Wọ́n ti sọ ọ́ lemọ́lemọ́, òótọ́ sì ni, pé àwọn olórin tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà ṣọ̀wọ́n níbi tí wọ́n ti ń kọrin nítorí Áfíríkà. Ìdí nìyẹn tí ìdúró Fọláṣadé lọ́jọ́ yẹn fi ń dùn mọ́ mi nínú títí di òní.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin náà ẹ dìde kí ẹ gba tiyín. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje 1930 ni ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Montevideo, olú-ìlú Uruguay, orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá péré ló sì kópa. Lucien Laurent ọmọ ilẹ̀ Faransé ló gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé ní ìṣẹ́jú kọkàndínlógún nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Mexico. Ó gbà wá ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kí Ràṣídì Yẹ̀kínì tó gbá góòlù àkọ́kọ́ ti Nàìjíríà sínú àwọ̀n Bulgaria ní 1994, ṣùgbọ́n ta ló lè gbàgbé bó ṣe di àwọ̀n náà mú tó ń sunkún ayọ̀?

Ó ku àwọn tó lọ lọ́jọ́ yìí. Frida Kahlo, ayàwòrán ọmọ Mexico tó fi ara ríro ya àwòrán tí ayé kò lè gbàgbé, kú ní 1954, kò ju ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lọ. Liu Xiaobo, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, kú ní 2017, ìjọba kò sì tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ikú tó dunni ni ikú àwọn méjèèjì.

Ti Nadine Gordimer, òǹkọ̀wé ọmọ Gúúsù Áfíríkà, yàtọ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje 2014, ọjọ́ tí Ṣóyínká pé ẹni ọgọ́rin ọdún gẹ́lẹ́, Gordimer jáde láyé nínú ilé rẹ̀ ní Johannesburg. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni. Lọ́dọ̀ wa, òkú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀, ijó ni à ń fi sin ín. Obìnrin aláwọ̀ funfun yìí dàgbà ní Springs, ìlú tí wọ́n ti ń wa wúrà ní Gúúsù Áfíríkà. Ó rí ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun ń ṣe fún adúláwọ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fòfin de àwọn ìwé rẹ̀, títí kan Burger's Daughter ti 1979, síbẹ̀ kò kúrò ní ìlú rẹ̀. Nígbà ìgbẹ́jọ́ Rivonia ní 1964, níbi tí ìjọba náà ti pe Nelson Mandela lẹ́jọ́, Gordimer wà lára àwọn tó bá Mandela tún ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú adájọ́ ṣe. Nígbà tí Ṣóyínká dúró ní Stockholm ní 1986, Mandela wà lẹ́wọ̀n síbẹ̀. Mandela yìí kan náà ni Ṣóyínká fi ọ̀rọ̀ Nobel tirẹ̀ kí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1991, ẹ̀bùn kan náà kan Gordimer. Ọ̀kan wá láti Aké, ọ̀kan wá láti Springs, àwọn méjèèjì fi kálàmù gbèjà ẹlẹ́wọ̀n kan ṣoṣo, ọjọ́ ìbí ọ̀kan sì di ọjọ́ ìsinmi èkejì. N kò mọ ọjọ́ mìíràn nínú ọdún tó buyì kún ìwé kíkọ ní Áfíríkà tó báyìí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ọdún yìí bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka ìtàn ọmọ tó tọ ìlù lẹ́yìn dé Ìbarà fún àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ ra Ògbójú Ọdẹ sílé, kí ọmọ rí i kà ní èdè tí Fágúnwà fi kọ ọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣèré, ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn eré Bàbá jáde ní gbọ̀ngàn ìlú yín, ẹ má dúró de ìjọba.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹ̀yin tí a ń pè ní Kongi, ẹ kú oríire ọjọ́ ìbí o! Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé nínú àlàáfíà.